VirtualBox dá gbé Ubuntu sórí VM mi, terminal kọ̀ kò ṣí: kí ló yẹ kí n fọwọ́ ara mi yàn?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Láptọ́ọ̀pù mi ní RAM 8 GB, Windows ló wà lórí rẹ̀. Mo fi VirtualBox 7, ètò tó ń dá kọ̀ǹpútà mìíràn (VM) sínú kọ̀ǹpútà, sí i, mo fún un ní ISO (fáìlì ìfisórí) Ubuntu 22.04, mo ń tẹ Next lọ títí tó fi parí. Kò bi mí nípa èdè, kò bi mí nípa dísíìkì, kò bi mí nípa ohun tí mo fẹ́ kó wà níbẹ̀. Ìgbà tó ṣí, orúkọ tí mo bá lójú rẹ̀ ni vboxuser. Mo tẹ terminal, àmì rẹ̀ yí díẹ̀, ó pòórá. Mo bá ọ̀nà mìíràn gbà kọ sudo, àṣẹ tó ń fúnni ní agbára alábòójútó, ó ní vboxuser kò sí nínú fáìlì sudoers. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, kí n tún un ṣe, kí n fọwọ́ ara mi yan ohun gbogbo. Òmíràn ní wàhálà kí lèyí, pé kí n lọ wa image, ìyẹn VM tí ẹlòmíràn ti ṣe tán, sílẹ̀. Èwo ni kí n ṣe? Dátà mi ò pọ̀ o.

* * *

Ìdáhùn

Má tíì pa nǹkan kan rẹ́. Ìṣòro méjèèjì tí o kà sílẹ̀ kò bára tan, kò sì sí èyí tó máa jẹ dátà rẹ nínú wọn.

Ti terminal ni ká kọ́kọ́ yanjú. Tí VirtualBox bá dá Ubuntu 22.04 gbé sórí VM, ó sábà máa ń kọ èdè ẹ̀rọ náà sílẹ̀ bíi en_US lásán, láìsí UTF-8 (ọ̀nà kíkọ lẹ́tà gbogbo èdè) lẹ́yìn rẹ̀. Terminal GNOME kì í sì í ṣí níbi tí kò bá ti rí UTF-8, kì í sì í sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Di Ctrl apá ọ̀tún mú, kí o tẹ F3. Ojú dúdú kan máa yọ, á béèrè orúkọ. Kọ vboxuser. Tí o kò bá yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà nígbà tí ò ń tẹ Next lọ, changeme ni. Lẹ́yìn náà, kọ àwọn àṣẹ yìí; usermod ló máa fún vboxuser ní sudo, àwọn méjì tó tẹ̀lé e ló máa tún èdè ṣe:

su -
usermod -aG sudo vboxuser
locale-gen en_US.UTF-8
update-locale LANG=en_US.UTF-8
reboot

Ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà ni su máa béèrè, torí èyí tí VirtualBox fún ọ ló fún root, alábòójútó àgbà ẹ̀rọ náà. Tó bá ti padà dìde, terminal á ṣí, sudo á gbọ́. Kọ passwd lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí o yí changeme yẹn kúrò, kí o sì kọ sudo passwd -l root láti ti ilẹ̀kùn root pa. Gbogbo ayé ló mọ changeme.

* * *

Lórí àwọn tó ní “ẹ má lo ìfisórí aládàáṣe láé”

Mo ti ka èsì yín. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé kó fi àmì sí Skip Unattended Installation, kó jókòó ti installer (ètò ìfisórí), kó dáhùn ìbéèrè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan tiẹ̀ pa á lówe pé ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, mo gbà. Ó yẹ kó rí àwọn ìbéèrè yẹn lójúkojú lẹ́ẹ̀kan, kó mọ̀ pé wọ́n wà. Ibi tí mi ò ti bá yín lọ ni pé kó máa ṣe é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ìfisórí aládàáṣe yìí ti wà láti VirtualBox 5.2 ní 2017, ṣùgbọ́n nígbà yẹn èèyàn ní láti kọ àṣẹ VBoxManage unattended install fúnra rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Ẹni tó lò ó mọ̀ pé òun lò ó. Ìgbà tí 7.0 jáde ní oṣù kẹwàá 2022 ni wọ́n gbé e sójú ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà, tí wọ́n sì tan án sílẹ̀. Bó bá ti dá ISO mọ̀, ó máa bá ọ dáhùn gbogbo ohun tí installer bá béèrè.

Ẹ sì jẹ́ ká sọ òótọ́, ojú ewé yẹn kì í ṣàì béèrè nǹkan. Ó béèrè orúkọ, ọ̀rọ̀ aṣínà, orúkọ kọ̀ǹpútà, ó sì béèrè bóyá kó bá wa fi Guest Additions (àwọn irinṣẹ́ tó ń jẹ́ kí VM bá Windows ṣiṣẹ́ dáadáa) sí i. Àwa la máa ń tẹ Next kọjá. Aládàáṣe kọ́ ni ìṣòro. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìdáhùn ẹlòmíràn ló ń lò. Bí ìdáhùn tìrẹ bá wà nínú fáìlì, aládàáṣe ló dáa jù. Mo máa padà sórí èyí.

* * *

Ohun tó yẹ kí èèyàn fara balẹ̀ yàn

Àwọn kan kọ àkójọ gígùn síbí: Firefox kúrò, LibreOffice kúrò, àwòrán ojú kọ̀ǹpútà báyìí, àwọ̀ báyìí. Gbogbo ìyẹn ṣeé ṣe ní ọ̀la, ṣeé ṣe ní ọdún tó ń bọ̀. apt, ètò tó ń fi software sí i tó sì ń yọ ọ́, wà níbẹ̀. Ohun tí èmi ń wò nígbà ìfisórí ni èyí tó máa fa ẹ̀jẹ̀ lójú tí mo bá fẹ́ yí i padà lẹ́yìn.

EFI tàbí BIOS, ọ̀nà méjì tí ẹ̀rọ ń gbà dìde, wà lára wọn. Settings VM lo ti ń yàn án kí ISO tó wọlé. Tí o bá yí i padà lẹ́yìn tí Ubuntu ti wọlé, ó lè kọ̀ láti dìde mọ́. Fífi kọ́kọ́rọ́ LUKS ti gbogbo dísíìkì pa náà nìyẹn: ní ìgbà ìfisórí, àmì kan lo máa fi síbi kan, lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ni, pẹ̀lú àdúrà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ sudo. Debian ló máa ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn níbí. Tí o bá fún root ní ọ̀rọ̀ aṣínà nígbà tí installer Debian béèrè, kò ní fi ọ́ sínú ẹgbẹ́ sudo. Tí o bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófo, ìwọ ni yóò fún ní sudo. Ó kọ ọ́ sójú ewé yẹn gan-an, ṣùgbọ́n ta ló ń kà á?

Dísíìkì ló wá gba àlàyé jù. Ubuntu Desktop 22.04 ní kí wọ́n fún òun ní 25 GB. Ẹni tó bá fún un ní 10 GB torí pé àyè ò sí lórí láptọ́ọ̀pù ń tan ara rẹ̀ ni, torí VDI (fáìlì tó jẹ́ dísíìkì VM) tó ń dàgbà bó ṣe ń kún kì í gba gbogbo àyè yẹn lọ́jọ́ kìíní. Fún un ní 40 GB. Ohun tó bá kó sínú nìkan ló máa gbà lórí Windows. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé apá kejì rẹ̀: ó ń dàgbà, kì í dínkù. O lè pa fáìlì 8 GB rẹ́ nínú VM kí àyè kankan má yọ lóde. Àfi kí o fi zerofree nu àyè òfo inú rẹ̀, kí o pa VM, kí o wá kọ VBoxManage modifymedium disk pẹ̀lú --compact. Tí dísíìkì láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ bá kún nígbà tí VM ń ṣiṣẹ́, VirtualBox á dá a dúró lójú ẹsẹ̀, á ní dísíìkì onílé ti kún. Wá àyè, kí o tú u sílẹ̀, á máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tó dúró.

Ẹni tó bá ń lo Ubuntu Server, tìẹ tún wà lọ́tọ̀. Tí o bá gba LVM (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà pín dísíìkì) tí installer gbé síwájú rẹ fún dísíìkì 40 GB, nǹkan bí ìdajì ló máa fún / (ibi tí ẹ̀rọ àti fáìlì wà), ó máa fi ìyókù sílẹ̀ láìpín. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí àyè lè wà fún snapshot LVM (ẹ̀dà ipò dísíìkì ní àsìkò kan) àti fún fífẹ̀ ni. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àṣẹ df tó ń wo àyè á sọ fún ọ pé ó ti kún, ìwọ á sì máa wò ó pé ṣebí 40 lo fún un. Àwọn àṣẹ méjì yìí ló máa gba ìyókù:

sudo lvextend -l +100%FREE /dev/ubuntu-vg/ubuntu-lv
sudo resize2fs /dev/ubuntu-vg/ubuntu-lv

Kò ní láti dúró kó tó ṣe é; VM lè máa ṣiṣẹ́ lọ.

* * *

RAM, ní kúkúrú

8 GB lo ní. Fún VM ní 4 GB àti core méjì, kí o ti Chrome orí Windows pa. Àwọn tó ní kó fún un ní 6 GB fẹ́ kí Windows kú ni. Tí 4 bá ṣì ń fà, Xubuntu tàbí Lubuntu ni kó lò, tàbí Server láìsí ojú àwòrán, kó máa gba SSH (ọ̀nà wíwọlé láti orí ẹ̀rọ mìíràn) wọlé. Ní ti ẹni tó béèrè bóyá òun lè fi Windows 11 ṣe àlejò lórí irú láptọ́ọ̀pù yìí: VirtualBox ti ní TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò tí Windows 11 ń béèrè, láti 7.0, torí náà ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n Windows 11 ń béèrè 4 GB RAM àti 64 GB dísíìkì. Bóyá wàá lè lò ó lẹ́yìn tó bá ṣí ni ọ̀rọ̀ wà.

* * *

“Kí ló dé tí kò lo WSL?”

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dé. WSL 2, Linux tó ń ṣiṣẹ́ láti inú Windows fúnra rẹ̀, dára. Ẹni tó fẹ́ Python àti git nìkan, kó lọ síbẹ̀, kò nílò gbogbo ìjíròrò yìí. Ẹni tó fẹ́ kọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń dìde, bí wọ́n ṣe ń pín dísíìkì, bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe ń so pọ̀, VM ló máa kọ́ ọ.

Ohun tó yẹ kó mọ̀ ni pé méjèèjì lè máa di ara wọn lọ́wọ́. WSL 2 ń lo Hyper-V, ètò VM ti Microsoft, lábẹ́lẹ̀. Tí ìyẹn bá ti wà lórí, VirtualBox á gba orí Hyper-V kọjá dípò kó fọwọ́ ara rẹ̀ kan VT-x (agbára VM tó wà nínú CPU), á sì máa fà. Wo ìsàlẹ̀ fèrèsé VM rẹ lápá ọ̀tún: tí o bá rí ìjàpá aláwọ̀ ewé níbẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bú Ubuntu pé ó wúwo, ìjàpá yẹn ló yẹ kí wọ́n bá jà.

* * *

Dátà

Ẹni tó béèrè ní dátà òun ò pọ̀, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn lórí ìyẹn. Gbogbo yín ń sọ “kan tún un ṣe” bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún wa.

ISO tó ti wà lọ́wọ́ rẹ, má pa á rẹ́. Títún un fi sórí kò ní kí o tún un wà sílẹ̀. Ohun tó ń jẹ dátà ni àpdéètì tí installer ń fà wá nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni kí n yọ wáyà: Settings VM, Network, ibi tí wọ́n kọ Cable Connected sí, yọ àmì rẹ̀. Ubuntu Desktop á wọlé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Tí o bá ti ṣe tán lo tó dá wáyà padà, nígbà tó wù ọ́, bóyá ní òru tí dátà dín owó.

Ẹni tó bá ní VM tó ju ẹyọ kan lọ, kó fi apt-cacher-ng sórí ọ̀kan nínú wọn, kó sì tọ́ka apt àwọn yòókù sí i lórí port 3142. Ohun tí ọ̀kan bá ti wà sílẹ̀, àwọn tó kù á mú un lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń dín ìnáwó kù.

Ẹnì kan ní kí gbogbo wa máa lo netinst Debian torí ó kéré, kò tó 1 GB. Òótọ́ ni pé ISO náà kéré. Àmọ́ ojú àwòrán tí o bá yàn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti máa lọ kó o wá nígbà tó bá ń wọlé, tí iná bá sì lọ tàbí tí nẹ́tíwọ̀kì bá já láàárín, o lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Fún server kékeré, netinst dára. Fún desktop lórí dátà fóònù, ISO ńlá tí èèyàn dá kọ láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ sórí flash ló dẹ̀rọ̀ jù.

* * *

Image tí ẹlòmíràn ti ṣe tán

Mi ò fara mọ́ ọn, tó bá jẹ́ OVA (VM tí wọ́n dì sínú fáìlì kan) tí o kò mọ ẹni tó dì í. Ẹni yẹn lè ti fi kọ́kọ́rọ́ SSH tirẹ̀ sínú rẹ̀, o ò sì ní mọ̀ títí ayé. Cloud image tí Ubuntu fúnra wọn ń gbé jáde yàtọ̀: kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan nínú, cloud-init, ètò tó ń tò ó nígbà ìbẹ̀rẹ̀, ló máa ka orúkọ àti kọ́kọ́rọ́ rẹ nígbà tó bá kọ́kọ́ dìde.

Ẹ̀gbọ́n kan níbí sọ pé image tí òun fúnra òun ṣe lòun ń lò: ó gbé Ubuntu kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tò ó bó ṣe fẹ́, ó wá ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ìyẹn dára, mo ti lò ó rí fún kíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ kò sọ ibi tó ti ń dìjà fún wọn. Ẹ̀dà méjì tí /etc/machine-id (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ) wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà lè gba àdírẹ́sì IP kan náà lórí nẹ́tíwọ̀kì kan, bí MAC (nọ́ńbà káàdì nẹ́tíwọ̀kì) wọn tiẹ̀ yàtọ̀, torí machine-id ni systemd-networkd, ètò nẹ́tíwọ̀kì Ubuntu Server, fi ń ṣe ìdánimọ̀ fún DHCP tó ń pín àdírẹ́sì. Mo rí i tí àwọn ọmọ kíláàsì méjì ń wọ VM ara wọn, tí olúkúlùkù ń pariwo pé fáìlì òun ti sọnù. Kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà, ẹ kọ èyí sínú ìyá rẹ̀:

sudo truncate -s 0 /etc/machine-id
sudo rm /etc/ssh/ssh_host_*

Kí ẹ wá pa á, kí ẹ sì sọ fún VirtualBox pé kó ṣe MAC tuntun fún ẹ̀dà. Nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, sudo dpkg-reconfigure openssh-server á ṣe kọ́kọ́rọ́ SSH tuntun.

Snapshot VirtualBox náà kì í ṣe àfipamọ́, ẹ jọ̀ọ́. Orí VDI àkọ́kọ́ ló dúró lé. Bí VDI yẹn bá bàjẹ́, gbogbo snapshot orí rẹ̀ bá a lọ. Mú ẹyọ kan lẹ́yìn ìfisórí mímọ́, kó tó o.

* * *

Fáìlì tí mo ṣèlérí

Ubuntu Server láti 20.04, àti Desktop láti 23.04, ń gba ìdáhùn láti inú fáìlì tí wọ́n ń pè ní autoinstall. Debian ní preseed, Red Hat ní Kickstart, Windows ní autounattend.xml, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Desktop 22.04 tí olùbéèrè ń lò kò ní autoinstall, torí náà Server tàbí 24.04 ló máa fi gbìyànjú èyí:

#cloud-config
autoinstall:
  version: 1
  locale: en_US.UTF-8
  timezone: Africa/Lagos
  keyboard:
    layout: ng
    variant: yoruba
  identity:
    hostname: idanwo
    username: ade
    password: "…"
  storage:
    layout:
      name: lvm
      sizing-policy: all
  ssh:
    install-server: true

Má kọ ọ̀rọ̀ aṣínà gan-an sí iwájú password. Kọ openssl passwd -6 ní terminal, kí o mú ohun gígùn tó bá jáde lọ síbẹ̀. sizing-policy: all ló ń gbà wá lọ́wọ́ ìdajì dísíìkì tí mo sọ lókè. Pe fáìlì náà ní user-data, ṣe fáìlì òfìfo kan tó ń jẹ́ meta-data sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, di méjèèjì sínú ISO kékeré tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ CIDATA, kí o so ó mọ́ VM gẹ́gẹ́ bíi CD kejì. Installer á rí i. Á ṣì béèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá kó nu dísíìkì, kọ yes. Ìbéèrè yẹn dára, ẹ má wá ọ̀nà láti pa á lẹ́nu mọ́ lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ̀ ń lò fún iṣẹ́.

Àwọn tó ń béèrè nípa kíbọ́ọ̀dù Yorùbá: bẹ́ẹ̀ ni, ó ti wà nínú Linux, abẹ́ Nàìjíríà ló wà pẹ̀lú Haúsá àti Ígbò. Ìkìlọ̀ kan ni mo ní. Yan ọ̀rọ̀ aṣínà tí o lè tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù yẹn gan-an, torí òun náà ló máa wà lójú ibi ìwọlé, ibi tí lẹ́tà tàbí àmì wà lè yàtọ̀ sí ti US. Tí o bá fẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ náà wà ní yo_NG, ó wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ ṣì máa jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àṣìṣe tó bá sì yọ á ṣòro fún ọ láti wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi fi èdè sílẹ̀ ní en_US.UTF-8, mo fi kíbọ́ọ̀dù sí Yorùbá.

* * *

Olùbéèrè tún kọ̀wé

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Terminal ti ṣí, sudo ti ń gbọ́. Ṣé kí n wá pa á rẹ́ kí n tún un ṣe báyìí, àbí kí n máa lò ó lọ? Mo sì fẹ́ kí ojú rẹ̀ kún screen, kí n lè máa da fáìlì láàárín Windows àti òun.

* * *

Ìdáhùn

Kọ lsblk kí o wo bí dísíìkì ṣe tóbi tó. Tó bá jẹ́ 25 GB sókè, tí o kò sì nílò LUKS, máa lò ó lọ. Tó bá kéré sí ìyẹn, ojoojúmọ́ lo máa máa bá a jà. Tún un ṣe ní òní kí ohun rẹ tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Ti screen, Guest Additions ni. Àpótí rẹ̀ lè má ní àmì nígbà tí ò ń tẹ Next, torí náà fi í sí i fúnra rẹ:

sudo apt install build-essential dkms linux-headers-$(uname -r)

Lẹ́yìn náà, lórí Devices lókè fèrèsé, tẹ Insert Guest Additions CD image, ṣí CD náà, kí o fi sudo sáré VBoxLinuxAdditions.run. Tún VM bẹ̀rẹ̀. Graphics Controller rẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ VMSVGA, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú rẹ̀ ò ní tẹ̀lé fèrèsé. Fódà tí o bá fẹ́ pín, yàn án ní Shared Folders, fi àmì sí Auto-mount, kí o wá kọ:

sudo usermod -aG vboxsf vboxuser

Jáde kí o tún wọlé. Inú /media lo máa ti bá a, orúkọ rẹ̀ á ní sf_ níwájú.